Ibùsùn Irin

Inú kòtò lẹ́yìn àmì ni mo wà,
èmi Asle, ẹni tí ń fi bébà pélébé dí ojú ihò.
Ìrì dídì ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ ní àfonífojì wa, ní òkè Nọ́wè.
Ọ̀ọ́dúnrún mítà ló wà láàárín èmi àti Oddny.
N kò rí ojú rẹ̀. Ihò rẹ̀ ni mo ń kà.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó jogún ìbọn bàbá bàbá rẹ̀,
ihò kan bọ́ sókè, èkejì sá sí apá òsì,
ẹ̀kẹta wọ inú koríko lọ, a kò rí i mọ́.
Àwọn ọkùnrin orí pẹpẹ rẹ́rìn-ín:
"Ọwọ́ ọmọ yìí ń gbọ̀n."
Mo gbọ́ ọ nínú fóònù kòtò, n kò dáhùn.
Ọwọ́ tó ń gbọ̀n ní ìkọ̀wé tirẹ̀;
èyí kì í ṣe òun.

Gudbrand ló ni ìbọn náà kó tó kú.
Apá rẹ̀ gùn bí àjẹ̀ ọkọ̀, ọrùn rẹ̀ gùn bí ti ẹyẹ àkọ̀.
Wọ́n gbẹ́ igi rẹ̀ mọ́ èjìká rẹ̀
ní ọdún tí yìnyín gbá afárá lọ.
Oddny sì nìyí, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, kúkúrú,
tí ń na ọrùn bí adìẹ tó fẹ́ mumi nínú ìkòkò jíjìn
kí ojú rẹ̀ tó bá ihò ìwòran pàdé.
Ẹ̀wù òkú kì í gún alààyè lára, àfi tí a bá gé e.

Eilert agbẹ́gi gbé e sórí àga iṣẹ́.
Kò bèèrè iye máàkì tí ọmọ gbà.
Ó ní kó di ojú,
kó gbé ìbọn sí èjìká bí ẹni gbé ọmọ tó ti sùn,
kó wá la ojú.
"Kí lo rí?"
"Igi. Igi nìkan."
Ó fi ayùn gé ìdí ìbọn, ìka méjì ó lé díẹ̀.
Oddny sunkún, torí ibi tó gé ni orúkọ Gudbrand wà.
Ó lẹ igi pẹlẹbẹ mọ́ ibi ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó fá a, ó tún un fá,
títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi sinmi bí ẹni fẹ̀yìn ti ògiri ilé ara rẹ̀.
"La ojú. Kí lo rí?"
"Àárín gan-an."

Ihò súnmọ́ra lọ́jọ́ Sátidé yẹn,
ṣùgbọ́n òjò rọ̀ lọ́jọ́ kejì, gbogbo wọn rọ̀ sísàlẹ̀;
oòrùn ràn, wọ́n gun òkè.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi:
ọmọ kò yí padà, ojú ọjọ́ ló yí.

Mo gbé ìwé náà lọ bá Eilert.
Ó tú síkúrù méjèèjì wò, ó dè wọ́n padà,
ó ki owó bébà kan sáàárín igi àti ọ̀pá ìbọn,
ó ń fà á bọ̀. Ó dé ibì kan, ó há.
"Ibí ni. Igi ń mumi bí ọ̀mùtí.
Bó wú, á ti irin; bó gbẹ, á yẹ̀ fún un.
Ta ló lè sùn lórí ẹní tí ń rìn?"

Ó gbẹ́ ọ̀nà fún ọ̀pá, kó má fara kan igi mọ́ títí dé ẹnu.
Ó po àtè dúdú, ó dà á sí ibi tí irin ń fẹ̀yìn lé,
ó fi ìpara ra irin kó má baà lẹ̀ mọ́ ọn títí ayé,
ó wá tẹ́ ẹ síbẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́.
Odidi òru. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án.
Nílẹ̀ mọ́, àtè ti há gbogbo kọ̀rọ̀ irin sórí.

Òjò ń rọ̀ nígbà tó tún yìnbọn.
Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni ọta fọ̀ pá! lórí mi.
Mo fa àmì wálẹ̀, mo gbé ife kọfí mi lé e:
ihò márààrún wà lábẹ́ ife.
Fóònù dákẹ́. Èmi ni mo pè wọ́n:
"Ọwọ́ ta lẹ ní ó ń gbọ̀n?"

Ègé igi tí orúkọ Gudbrand wà lára rẹ̀ ńkọ́?
Oddny ní òun fi há abẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná àwọn,
èyí tí afẹ́fẹ́ máa ń gbá pa.
Ó ní ó bá ibẹ̀ mu rẹ́gí.