Ìṣirò Ara Ògiri

Wọ́n lù ú ní gbàǹjo ní Tredegar,
a rà á láìwo inú rẹ̀.
Òòlù dún. Ifor di ọwọ́ mi mú
bí ẹni tó ṣèèṣì ná an sókè.

Ọ̀kẹ́ kan pọ́n-ùn ló kù fún àtúnṣe.
Mo pín in sẹ́yìn àpòòwé:
òrùlé, ẹgbàárin; iná, ẹgbàajì;
ẹ̀rọ amúlégbóná, ẹgbẹ̀ẹ́dógún;
ìyókù, ohun tójú ò tíì rí.

Ohun tójú ò tíì rí ti jókòó dè wá:
pákó ilẹ̀ rọ̀ bí búrẹ́dì inú tíì.
Gethin káfíńtà fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́,
kò sọ̀rọ̀, ó kàn fa èémí sínú láàárín eyín.
Èémí yẹn nìkan, ẹgbàá pọ́n-ùn.

Lálẹ́, mo ń bó bébà ògiri yàrá òkè,
mo bá ìṣirò ẹlòmíràn lábẹ́ rẹ̀, pẹ́ńsù ló fi kọ ọ́:
fèrèsé, mẹ́sàn-án. Òrùlé, ọgọ́ta.
Ó fagi lé òrùlé.
Ó tún un kọ. Ó tún fagi lé e.

Òrùlé ọ̀hún ló ń jò sí mi lọ́rùn yìí.

Ifor, gbé pẹ́ńsù wá.
Ògiri yìí, a ò ní rẹ́ ẹ mọ́:
ọ̀ọ́dúnrún pọ́n-ùn wọlé nìyẹn.