Ẹ̀yìn Ló Kọ sí Ibi Tó Ń Lọ

Orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n ti kọ́kọ́ wakọ̀,
nínú ọgbà ilé ìwé wọn l'Ókè-Baálẹ̀,
ọmọ mẹ́jọ, igi ìgbálẹ̀ mẹ́jọ lọ́wọ́,
Tíṣà Ọ̀párìndé ń kà á: "Ení! Èjì! Ẹ fà á!"
Àwọn tó ń kọjá dúró lẹ́nu géètì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín:
ta ní ń wakọ̀ lórí ìyàngbẹ ilẹ̀?
Èmi náà wà níbẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọ̀ṣúngbèmí, àbúrò mi, kò wo ẹnì kankan.

Nígbà tó yá, wọ́n rí ọkọ̀ àlòkù kan,
tóóró bí abẹ́rẹ́ ìránṣọ.
Ìdájí Sátidé ni wọ́n ń gbé e sórí adágún Erinlẹ̀,
kùrukùru á ṣì bo omi.
Màmá kì í sùn lálẹ́ Jímọ̀.
"Omi ò mọ ọmọ tí a fi ìyà wò," ni yóò máa wí,
síbẹ̀ òun náà ló ń fi òrí pa àtẹ́lẹwọ́ tó bó,
tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe Jáńbù.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọ oníkọ̀ǹpútà nítòsí Ọláìyá
wo ojú ẹ̀rọ, tó tún wo ojú mi:
"Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́, kò tún tó igba."
Mo mọ̀wé. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé mo mọ̀wé.
Àbúrò mi tí ìṣirò ń lé kiri
ni yunifásítì kọ̀wé pè,
kó wá wakọ̀ fún wọn, kó máa kàwé lọ́fẹ̀ẹ́.

Èmi ni mo ka lẹ́tà náà sétígbọ̀ọ́ Màmá.
Nígbà tí mo dé ibi orúkọ, ahọ́n mi fẹ́ yà sí tèmi.
Mo gbé itọ́ mì, mo pe tirẹ̀.

Bàbá ní orí lòun mọ̀ tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì,
àṣé apá náà ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ níbẹ̀.
Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Mo lọ wò ó níbi ìdíje tó ṣe kẹ́yìn kó tó lọ.
Wọn kì í wà á bí apẹja ṣe ń wà á:
ẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ sí ibi tí wọ́n ń lọ.
Ọ̀nà iwájú ò hàn sí i rárá,
èbúté tó fi sílẹ̀ ló ń wò,
Màmá tó ká gèlè mọ́wọ́,
èmi tí mo di sálúbàtà rẹ̀ mú.
Ó fa àjẹ̀, a kéré. Ó tún fà á, a tún kéré,
ojú rẹ̀ kò kúrò lára wa.