Wáyà Tuntun

Wáyà tín-ín-rín ìdí àpótí báàsì mi,
eku ti jẹ ẹ́ lápá kan;
ó ń kùn hùùù,
bí ẹni tó ní ẹjọ́ tí kò rí ẹni rò ó fún.

Mo gba Ìgbọ̀nà lọ.
Lásúnkànmí fa ọ̀kan yọ, ó nípọn tó ìfábẹ̀lá:
"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Bàbà gidi ni."
Mo san mẹ́ta ààbọ̀.

Lálẹ́, mo ki orí rẹ̀ bọ ihò,
mo fi kásẹ́ẹ̀tì Màámi sí i,
èyí tí a gbà sílẹ̀ nílé ẹ̀yìn téṣàn.
Ohùn rẹ̀ kò yàtọ̀:
ó ṣì ń bá mi wí nítorí iyọ̀ tó dànù.
Ṣùgbọ́n lábẹ́ ìbáwí, ilẹ̀ rọra mì,
àwọn ife inú kọ́bọ́ọ̀dù ń gbọ̀n.

Rélùwéè ni.
Láti ọjọ́ yìí ló ti ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀,
wáyà ni kò jẹ́ kó wọlé.