Ibi Tí Kò Gbọdọ̀ Jò

Ogójì àwo ni wọ́n kó wá,
wọ́n fẹ́lẹ́ bí èékánná ọmọ tuntun,
wọ́n ń dán bí omi tó sùn mọ́jú nínú ìkòkò.
Iyanrìn ni gbogbo wọn nígbà kan rí.

Ìkẹ́rẹ́ ni mo ti ń dán wọn wò,
nínú yàrá tí a fi aṣọ dúdú bo fèrèsé rẹ̀,
òkè Olósùnta dúró gbọin lẹ́yìn wa,
kò bi mí ní nǹkan kan.

Iṣẹ́ mi kò ní ariwo.
Mo gbé ọ̀kan sínú òkùnkùn, mo pa àpótí dé,
mo ń bu iná fún un díẹ̀díẹ̀:
ogún fólítì, ogójì, ọgọ́rùn-ún,
mo ń wo òǹkà bóyá ó ń jò.
Nítorí àwo tó bá ń jò nílẹ̀ yìí
irọ́ ni yóò máa pa lókè:
yóò ní òun rí ìtànṣán gámà,
iná ìràwọ̀ tó ti kú kí Ìkẹ́rẹ́ tó lórúkọ,
níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rán nǹkan kan sí wa.

Bàbá mi, Bámitálẹ̀, kan páànù títí orúnkún fi kọ̀ ọ́.
Kì í pe ilé ní ilé; ulé ni.
Tó bá kàn án tán, ọ̀sán gangan,
á ní ká ti gbogbo fèrèsé,
á dúró láàárín yàrá, á gbójú sókè:
"Ẹ dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí ojú mọ òkùnkùn."
Ihò kan, kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, á là lójijì,
á fi ẹfun sàmì sí i.
Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí. Mo rò pé ìràwọ̀ ló ń wá.
Mo sunkún lọ́jọ́ tó fi ọ̀dà dí i.

Lọ́jọ́ Ẹtì, àwo kẹtàdínlógún jò.
Òǹkà ń gòkè bí ìbà.
Mo bú ọyẹ́, mo bú jẹnẹrétọ̀,
mo bú àwọn tó dì í sínú páálí.
Nígbà tí mo gbé e sábẹ́ awò,
ìka ọwọ́ mi ni mo rí létí rẹ̀,
òróró bọ̀ọ̀lì tí mo jẹ lọ́sàn-án,
ìbọ̀wọ́ mi ti ya, n kò mọ̀.
Mo fi ọtí nù ún. Mo fi í sílẹ̀ di ìdájí,
nígbà tí òtútù bá mú, tí jíjò máa ń rọlẹ̀.
Ó rọlẹ̀.
N kò tíì sọ fún ọ̀gá mi, Dókítà Fẹ́hìntọlá.

Bàbá pè lálẹ́:
"Ulé tẹ́ ẹ fẹ́ gbé lọ sójú ọ̀run un,
ta ni yóò gùn ún tó bá jò?"
Mo ní kò sí ẹni tí yóò gùn ún.
Ó dákẹ́ pẹ́. Mo gbọ́ tó ń họ irùngbọ̀n.
"Mélòó ló ń jò?"
"Mẹ́ta, bàbá."
"Ṣé ẹ ní ẹfun níbẹ̀?"