Kókó Márùn-ún

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí a fi jáde ní Ìjókòdó,
èmi àti Bàbá Mùfútáù, ọ̀rẹ́ bàbá mi,
ọkùnrin tí kì í lanu sọ̀rọ̀ àfi bí oòrùn bá kan àjẹ̀.
Ọkọ̀ rẹ̀ ṣì ń jò níbi tó ti ń jò
nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta,
agolo wàrà kan náà la fi ń gbọ́n omi inú rẹ̀.

Adágún Ẹlẹ́yẹlé dákẹ́.
Kì í ṣe ìdákẹ́ oorun.
Ìdákẹ́ ẹni tí wọ́n bi pé kí ló ṣe é,
tó ní kò sí nǹkan.

Bàbá mi ní abọ́ tánganran kan, funfun báláú,
tó dá ihò mẹ́ta lu létí, tó so okùn mọ́:
kókó kan ní ìgbọ̀nwọ́ kan, ìgbọ̀nwọ́ tirẹ̀, tó gùn.
Kó tó da àwọ̀n, á sọ abọ́ náà kalẹ̀ sínú omi,
á máa ka kókó wọlé lábẹ́ àtàǹpàkò
títí ojú ò fi ní rí funfun mọ́.
"Márùn-ún," á wí. "Ara omi le."
Á nu abọ́ sí ṣòkòtò, á tú ẹ̀kọ sí i,
àwa méjèèjì á jẹun.
Kò délé ìwé. Ta ló kọ́ ọ, n ò mọ̀.

Lónìí, inú ewé la kọ́kọ́ là kọjá.
Ojú-oró ni. Ìyá mi a máa fi í ṣàdúrà fún wa:
ojú-oró ní í lékè omi, ẹ ó lékè.
Àdúrà náà gbà o. Ewé ló gbà fún.
Ó lékè láti ẹsẹ̀ afárá títí dé ọ̀nà Àpẹ̀tẹ̀,
ó lékè àwọ̀n, ó lékè imú ọkọ̀,
àjẹ̀ ń wọ inú rẹ̀ bí ọmọrogùn nínú ọkà tó ti dì.

Lẹ́yìn ewé, omi ṣí,
àwọ̀ rẹ̀ bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò ilá.
Òórùn kan wà, bí ẹyin tó pẹ́ lábẹ́ adìẹ.
Ọ̀rá piọ́-wọ́tà mẹ́rin ń rìn níwájú wa
bí ìyá pẹ́pẹ́yẹ àtàwọn ọmọ rẹ̀.
Àwọn epìyà ti gòkè. Ẹnu wọn ni mo rí,
ẹnu kéékèèké lójú omi, ó ń ṣí, ó ń pa dé,
bí ọmọ iléèwé tí ò mọ orin, tí ò fẹ́ kí tíṣà mọ̀.
"Èémí ni wọ́n ń wá," ni Bàbá Mùfútáù wí.
Oòrùn ò tíì kan àjẹ̀.

Àwọ̀n wúwo. Inú mi dùn kó tó yọ:
rọ́bà, ewé, bàtà ọmọdé, ti ẹsẹ̀ òsì,
ìkarahun ìṣáwùrú tó ṣófo,
epìyà mọ́kànlá tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ,
ọ̀kan ní egbò pupa légbẹ̀ẹ́ ìrù.
Bàbá dá a padà. Ó fi ẹ̀gbẹ́ lúwẹ̀ẹ́ lọ.
Nígbà kan, àrọ̀ inú odò yìí a máa jà títí dé ilé,
eérú ni ìyá mi fi ń dì í mú.

Mo bi í pé ta ló ṣe é.
Ó fi àgbọ̀n tọ́ka: àwọn ilé tuntun lórí òkè,
ibi ìfọmọ́tò, ọgbà ẹlẹ́dẹ̀,
àgbọ̀n náà yí títí, ó dé ọ̀dọ̀ mi,
kò dúró, kò sì yára kọjá.

Mo yọ abọ́ jáde. N ò sọ fún un pé mo gbé e wá.
Kókó kan wọlé.
Kókó kejì ò tíì kan omi
tí funfun fi di ewé, tí ewé fi di òkùnkùn.
Mo fà á sókè, mo tún sọ ọ́. Bákan náà ni.
N ò lè pe iye rẹ̀ síta.
Bàbá gba okùn, ó ya aṣọ pupa lára àkísà,
ó so ó mọ́ ibi tí funfun ti sọnù:
"Ká má baà rí irọ́ pa fún ọdún tó ń bọ̀."

Ní èbúté, obìnrin kan ń pọn omi sí kẹ́ẹ̀gì.
Ó kí wa kú iṣẹ́.
Mo nu abọ́ sí ṣòkòtò. Ó ń yọ̀. Mo tún un nù.
Bàbá Mùfútáù wo abọ́, ó wò mí,
ó tú ẹ̀kọ tirẹ̀,
ó jẹ ẹ́ nínú ewé.