Odi Kàtàmpé

Ẹni tó kọ́kọ́ kọ́lé ládùúgbò wa mọ odi rẹ̀ dé èjìká.
Èyí tó tẹ̀lé e mọ tirẹ̀ ga ju orí lọ.
Nígbà tó kàn mí, mo fi wáyà oníná lé e,
mo ní nítorí olè ni.
Olè wo? A ò tíì rí ẹyọ kan.

Ọyẹ́ dé.
Eruku bo jíìpù Ọ̀gá Ṣówándé,
ó bo kẹ̀kẹ́ Hàbílà tó ń ṣọ́ géètì,
kò bèèrè iye tí wọ́n ra èyíkéyìí.
Ọ̀gá ní kí wọ́n tún un fọ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta lónìí.
Omi ọṣẹ ń ṣàn lọ,
Hàbílà ń fojú sìn ín,
kẹ́ẹ̀gì òfìfo lọ́wọ́.

Ìyá Gbàgyí kan ń kọjá, igi ìdáná léjìká,
èjìká ni wọ́n fi ń rù, wọn kì í dà á láàmú orí.
Ó dúró. Ó nawọ́ sí pálọ̀ mi,
ó fi Haúsá sọ pé:
"Ebè iṣu mi nìyẹn."

Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rẹ́rìn-ín:
"Ìyá, ẹ wọlé wá mumi."
Wáyà ń kùn láàárín wa.
Kí n tó rí kọ́kọ́rọ́ géètì,
igi rẹ̀ ti yà sẹ́yìn àpáta.