Odò Ló Máa Ń Kọ́kọ́ Yà

Odò ló máa ń kọ́kọ́ yà sójú pátákó,
ọ̀gbẹ́ni Terblanche, olùkọ́ wa ní Groningen.
Odò, lẹ́yìn náà òkè, lẹ́yìn náà ibi tí òjò pọ̀ sí.
Ààlà orílẹ̀-èdè ló máa ń kẹ́yìn,
ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má kan pátákó.
“Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù. Ẹ lè fẹ́ pa á rẹ́ lọ́la.”

A máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Èdè rẹ̀ jọ tiwa
bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń jọ àbúrò tí wọn kò jọ dàgbà.
Orúkọ tí ìyá mi àgbà ń pe bàtà ló ń pè é.

A kò mọ̀ pé ọmọ ogún ọdún ni
nígbà tí ìwé ìpè-sógun dé oko àgùntàn bàbá rẹ̀ ní Calvinia.
Ó kà á tán, ó ká a sí mẹ́rin,
ó fi ti ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì.
Wọ́n ní kó gbé ìbọn lọ sétí odò Kunene.
Ó ní kò sẹ́ni tó ṣẹ òun lódìkejì odò.
Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó gba ọ̀nà Botswana lóru.

Bàbá rẹ̀ kò bú u. Ó lọ rẹ́ irun àgùntàn.
Lourens, àbúrò rẹ̀, lọ, ó sì bọ̀;
ó bọ̀ tán, kò lè sùn mọ́ nínú yàrá tó nílẹ̀kùn.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ojo ni wọ́n ń pè é.
Ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀, òjò ló ń kọ sí i,
ọdún mọ́kàndínlógún gbáko:
iye tó rọ̀, iye tí kò rọ̀,
ẹni tó kú, orúkọ ajá tuntun.

Mo lọ kí i lọ́dún tó fẹ̀yìn tì.
Odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ ń kọjá lábẹ́ fèrèsé.
Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń kọ ìwé kan;
ìwé náà kò tíì kúrò ní àárọ̀ ọjọ́ tí lẹ́tà dé.

Mo bi í bóyá ó kábàámọ̀.
Ó bu kọfí fún mi.
“Ti ogun, rárá.
Àmọ́ n kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sin ajá yẹn.”

N kò mọ ajá wo. N kò bi í.
Kọfí ń dà sínú àwo:
tábìlì rẹ̀ ń mì,
kò sì fi nǹkan kan tì í.